Mẹ́dà Àyà Ọlọ́pàá Ìlú Ọba: Èwo Ni ti Ìgboyà, Èwo Ni ti Iṣẹ́ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́?

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjọba Ìlú Ọba máa ń gbé orúkọ àwọn tí Ọba fẹ́ dá lọ́lá jáde, lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kẹfà tí wọ́n máa ń ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí Ọba. Orúkọ àwọn ọlọ́pàá kì í wọ́n nínú rẹ̀. Nígbà kan tí orúkọ jáde báyìí, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham fi àwòrán ọ̀gá ọlọ́pàá kan ránṣẹ́ sí ẹbí wa lórí WhatsApp. Mẹ́dà márùn-ún tò sí àyà ọ̀gá náà, lẹ́tà mẹ́ta sì wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀: KPM. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀gbọ́n wa àgbà fi dáhùn pé akin lèyí, pé ó dájú pé ó ti dojú kọ ìbọn adigunjalè rí kí wọ́n tó lè kó gbogbo irin wọ̀nyẹn lé e láyà. Mo wo àwòrán náà dáadáa, mo fi ojú tẹ̀ lé mẹ́dà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú márààrún tí wọ́n fún un nítorí ìgboyà.

Mi ò fi èyí tẹ́ḿbẹ́lú ọ̀gá ọlọ́pàá náà, mi ò sì dá ẹ̀gbọ́n wa lẹ́bi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ń rú àwọn ọmọ Ìlú Ọba pàápàá lójú. Ohun méjì ni wọ́n máa ń torí rẹ̀ fi mẹ́dà sí ọlọ́pàá láyà níbẹ̀. Èkíní ni ohun tí ọlọ́pàá ṣe láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nígbà tí ikú dé tòsí tí kò sì sá fún un. Èkejì ni ohun tó fi ọdún gbọọrọ ṣe, bí i kí ó darí ẹ̀ka iṣẹ́ kan dáadáa, kí ó tún ọ̀nà ìwádìí ọ̀daràn ṣe, tàbí kí ó sáà ti sin ìlú láìní àbàwọ́n títí ogún ọdún fi pé. Ohun tó dá ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀ ni pé mẹ́dà tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù lọ láàárín àwọn ọlọ́pàá, ìyẹn King's Police Medal tí à ń gé kúrú sí KPM, jẹ́ ti ohun méjèèjì nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúkọ náà kò sì yí padà kí aráyé lè mọ̀.

Láti mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀, a ní láti padà sí Tottenham, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 1909. Àwọn ọkùnrin méjì kan, Paul Helfeld àti Jacob Lepidus, dúró de ọkọ̀ tó gbé owó ọ̀sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wá sí ilé iṣẹ́ rọ́bà kan, wọ́n sì já àpò owó náà gbà. Pọ́n-ùn 80 ni owó inú rẹ̀. Ọ̀ọ́kán àgọ́ ọlọ́pàá gan-an ni ilé iṣẹ́ náà wà, nítorí náà ìró ìbọn ló pe àwọn ọlọ́pàá síta. Ẹni tó bá ń fojú òní wo ọ̀rọ̀ yìí yóò rò pé ìbọn yóò ti wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù kì í gbé ìbọn rìn. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì pa ni ìbọn àgọ́ náà wà, wọn ò rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, àfìgbà tí wọ́n fọ́ ọ. Ní gbogbo àsìkò náà, àwọn kan ti ń fi ẹsẹ̀ lásán lé àwọn olè náà lọ.

Eré náà gba nǹkan bí i máìlì mẹ́fà, ó sì tó wákàtí méjì. Àwọn olè náà já ọkọ̀ tíráàmù gbà lójú ọ̀nà, wọ́n tún bọ́ sórí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n fi ń kiri wàrà, wọ́n ń yìnbọn sẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń lọ. Wọ́n pa kọ́ńsítébù kan tó ń jẹ́ William Tyler, wọ́n sì pa ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan, Ralph Joscelyne. Níkẹyìn, Helfeld yin ara rẹ̀ níbọn lẹ́bàá ọgbà kan, Lepidus sì sá wọ ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Oak Cottage, níbi tí àwọn ọmọdé wà. Àwọn kọ́ńsítébù mẹ́ta, Charles Eagles, John Cater àti Charles Dixon, ló wọlé tọ̀ ọ́ lọ nínú yàrá tó sá pamọ́ sí, ibẹ̀ ni Lepidus sì kú sí. Wọ́n sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di sájẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba wá ń wá mẹ́dà tí wọ́n lè fún wọn, wọ́n rí i pé kò sí èyí tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá tó bá dojú kọ irú ewu yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1909 ni Ọba Edward Keje fọwọ́ sí ìwé tó dá King's Police Medal sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Tottenham wà lára ohun tó fà á, àwọn kọ́ńsítébù mẹ́ta náà sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á.

Fàdákà ni wọ́n fi ṣe é. Bí o bá yí i padà sí ẹ̀yìn, wàá rí ẹnì kan tó dúró pẹ̀lú idà àti apata, odi ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà lára apata náà sì túmọ̀ sí "Láti ṣọ́ àwọn ènìyàn mi." Ẹni tó ṣe ohun akin àti ẹni tó fi òye àti ọgbọ́n sin iṣẹ́ ọlọ́pàá ni àwọn méjèèjì ń gba mẹ́dà kan náà, pẹ̀lú ọ̀já kan náà tó jẹ́ búlúù dúdú pẹ̀lú ìlà fàdákà. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún kí wọ́n tó rí i pé èyí kò dára tó. Ní ọdún 1933 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ fún ènìyàn sára mẹ́dà náà, wọ́n sì fi ìlà pupa tín-ín-rín sára ọ̀já ti ìgboyà, kí ẹni tó bá rí i láti òkèèrè lè mọ èyí tó jẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ìbá ṣe dúró bẹ́ẹ̀, a kì bá tí máa ṣàlàyé lónìí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1940, nígbà tí bọ́ǹbù àwọn Jámánì ń já lu Lọ́ńdọ̀nù ní alaalẹ́, Ọba George Kẹfà dá ẹ̀yẹ tuntun méjì sílẹ̀ fún akin tí kò sí lójú ogun: George Cross àti George Medal. Ọlọ́pàá, panápaná, nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á. Láti ìgbà náà lọ, bí ọlọ́pàá kan bá ṣe ohun akin tó sì yè é, George Medal ni wọ́n sábà máa ń fún un. Kí ló wá ṣẹ́ kù fún mẹ́dà àwọn ọlọ́pàá? Òfin George Medal nígbà náà kò gba kí wọ́n fún òkú. Nítorí náà, ọlọ́pàá tó bá kú sẹ́nu ohun akin tí wọn ò sì ka ohun tó ṣe mọ́ ti George Cross kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè gbé e sí ju mẹ́dà ọlọ́pàá lọ. Nígbà tí wọ́n tún òfin rẹ̀ kọ ní ọdún 1954, tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti panápaná, tí orúkọ rẹ̀ sì di Queen's Police Medal nítorí Ọbabìnrin Elizabeth, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ti ìgboyà inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ti kú nìkan. Ní ọdún 1977, wọ́n ṣí ọ̀nà fún òkú láti gba George Medal. Ìdí tí mẹ́dà ọlọ́pàá fi ń bọlá fún ìgboyà sì parí níbẹ̀.

Èyí tó ń lò títí di òní ni ìdajì kejì, ti iṣẹ́ takuntakun. Nígbà tí Ọba Charles gorí ìtẹ́ ní ọdún 2022, lẹ́tà Q kúrò, K padà bọ̀ sípò, QPM di KPM. Ẹni tó bá wá rí KPM lẹ́yìn orúkọ ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún pípẹ́ tó ta yọ ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì rí KPM lẹ́yìn orúkọ ọlọ́pàá ayé àtijọ́, bí i ti Tottenham, kí ó kọ́kọ́ béèrè èwo nínú méjèèjì ni. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí nìyẹn: mẹ́dà tí ẹ̀jẹ̀ Tyler wà lára ohun tó bí i ti di mẹ́dà tí ẹni bí i Tyler kò lè gbà mọ́.

Níbo wá ni ẹ̀yẹ ìgboyà wà nísinsìnyí? Àkàbà onípele mẹ́rin ni. George Cross ló wà lókè pátápátá, àgbélébùú fàdákà tó rọ̀ sára ọ̀já búlúù dúdú. Òun àti Victoria Cross ti àwọn ológun ni wọ́n jọ wà ní ipò àkọ́kọ́. George Medal ló tẹ̀ lé e, ọ̀já pupa tó ní ìlà búlúù márùn-ún. Ẹ̀kẹta ni Queen's Gallantry Medal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1974, tó ti di King's Gallantry Medal báyìí. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ìyìn Ọba fún ìgboyà, tí kò ní mẹ́dà rárá bí kò ṣe ewé fàdákà kékeré kan tí ènìyàn ń gún mọ́ aṣọ. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ ti ọlọ́pàá nìkan.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan wà tó fi gbogbo àkàbà yìí hàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò sì mọ òmíràn tó ṣe é kedere tó bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1974, Ọmọọba Anne àti ọkọ rẹ̀ ń padà lọ sí ààfin Buckingham, ọkọ̀ wọn wà lórí òpópónà The Mall. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ian Ball fi ọkọ̀ Ford funfun dí wọn lọ́nà. Ìnsípẹ́kítọ̀ James Beaton, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó ń ṣọ́ Anne, sọ̀kalẹ̀, ó rò pé awakọ̀ tí inú ń bí lásán ni. Ball yìnbọn fún un ní èjìká. Beaton yọ ìbọn tirẹ̀, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, kò bá a, ìbọn náà sì há. Ó padà wọ inú ọkọ̀, ó jókòó sáàárín Ọmọọba náà àti ìbọn, nígbà tó sì rí i pé Ball fẹ́ yìn ín wọlé, ó na ọwọ́ rẹ̀ lásán sí ẹnu ìbọn náà. Ọta wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, òmíràn tún wọ̀ ọ́ níkùn.

Awakọ̀ ààfin, Alexander Callender, gbìyànjú láti gba ìbọn náà, Ball yìnbọn fún un láyà. Oníròyìn kan, Brian McConnell, tó wà nínú takisí tó ń kọjá, bọ́ sílẹ̀ láti pẹ̀tù sí Ball nínú, òun náà gba ọta láyà. Kọ́ńsítébù ọmọ ọdún méjìlélógún kan, Michael Hills, gbọ́ ariwo, ó sáré dé, ó gbá Ball léjìká mú, ọta wọ̀ ọ́ níkùn, síbẹ̀ ó fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ ké sí àwọn yòókù kí ó tó ṣubú. Ronald Russell, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó ti ja ẹ̀ṣẹ́ rí, tó sáà ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, lu Ball ní ẹ̀ṣẹ́ nídìí orí. Ẹlòmíràn, Glanmore Martin, wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ síwájú ọkọ̀ Ball kí ó má bàa rí ọ̀nà sá lọ. Nígbà tí Ball wá bẹ́ lugbó, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Peter Edmonds ló lé e bá, tó gbá a mọ́lẹ̀. Gbogbo àwọn tó fara gbọta náà ló yè.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, orúkọ wọn jáde. Beaton gba George Cross. Hills àti Russell gba George Medal. Edmonds, Callender àti McConnell gba Queen's Gallantry Medal, tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n dá a sílẹ̀. Martin gba ìwé ìyìn Ọbabìnrin. Kí ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: abẹ̀ṣẹ́ tó kàn ń kọjá wà ní ipele kan náà pẹ̀lú kọ́ńsítébù, oníròyìn sì wà ní ipele kan náà pẹ̀lú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ohun tí wọ́n wọ̀n ni bí ewu náà ti pọ̀ tó, bí ẹni náà ti mọ̀ ọ́n sí ewu tó kí ó tó wọ inú rẹ̀, àti bóyá ó tún padà wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti fara gbọta. Aṣọ tó wọ̀ kò sí lórí ìwọ̀n náà.

Ojú ìwọ̀n yìí náà ni wọ́n fi wo àwọn ti òde òní. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, kọ́ńsítébù Keith Palmer, tí kò gbé ìbọn, dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster nígbà tí apániláyà kan sáré wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó kú, wọ́n sì fún un ní George Medal ní oṣù kẹfà ọdún náà, ohun tí òfin kò bá tí gbà ṣáájú 1977. Ní oṣù kẹfà kan náà ni àwọn mẹ́ta kan ń fi ọ̀bẹ gún ènìyàn ní London Bridge. Wayne Marques, ọlọ́pàá ojú irin, dojú kọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú kóńdó ọwọ́ rẹ̀ nìkan, wọ́n gún un, ojú rẹ̀ kan kò ríran mọ́ fún ìgbà díẹ̀, síbẹ̀ ó ń jà. Òun náà gba George Medal.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọwọ́ Ọba kò ṣòro láti lóye, àmọ́ ó máa ń pẹ́. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá agbègbè ló sábà máa ń kọ̀wé nípa ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ará ìlú náà lè kọ̀wé. Ìwé náà yóò dé iwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní George Cross Committee, àwọn ni yóò pinnu ipele tó yẹ, Ọba yóò fọwọ́ sí i, ìwé ìròyìn ìjọba tó ń jẹ́ London Gazette yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí ẹjọ́ bá ṣì wà ní kóòtù lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sábà máa ń dúró kí ẹjọ́ parí, nítorí ẹni tó fẹ́ gba mẹ́dà lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìdí nìyẹn tí ọlọ́pàá kan fi lè gba ẹ̀yẹ ìgboyà lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa béèrè pé kí ló ṣe láìpẹ́ yìí.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí a rọra tẹ̀ níbẹ̀. Tottenham kan náà ni, ní oṣù kẹwàá ọdún 1985. Ìyá aláwọ̀ dúdú kan, Cynthia Jarrett, ṣubú ó sì kú nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń tú ilé rẹ̀, inú bí àwọn èwe àdúgbò Broadwater Farm, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn ọlọ́pàá kan tó ń dáàbò bo panápaná wọ àárín èrò, wọ́n sì ṣá kọ́ńsítébù Keith Blakelock pa. Ní ọdún 1988, ọ̀gá wọn, sájẹ́ǹtì David Pengelly, gba George Medal, Blakelock àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba Queen's Gallantry Medal. Ní ọdún 1991, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ti jù sẹ́wọ̀n lórí ikú náà. Àwọn kan máa ń rò pé bí wọ́n bá fún ọlọ́pàá ní mẹ́dà, ìjọba ti dá ẹjọ́ pé ọlọ́pàá ló jàre nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ní tèmi, bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ẹnì kan ṣe ní ojú àtẹ̀gùn kan ní alẹ́ ọjọ́ kan ni mẹ́dà ìgboyà ń bọlá fún. Ikú Jarrett àti ìwà àwọn tó ṣèwádìí jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.

Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n gbé e kọjá ẹnì kan sí gbogbo iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ni ọdún 1999, nígbà tí wọ́n kéde George Cross fún gbogbo ọlọ́pàá Àríwá Ireland, ìyẹn Royal Ulster Constabulary, tí ó lé ní 300 nínú wọn ti kú nínú ìjà ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Ọbabìnrin gbé e fún wọn ní oṣù kẹrin ọdún 2000. Inú àwọn kan dùn, àwọn mìíràn tí wọn kò fọkàn tán iléeṣẹ́ náà rí kò sì fi ìbínú wọn pamọ́. Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí ó ṣòro láti wọn ìgboyà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí àwòrán inú WhatsApp. Ọwọ́ òsì àyà ni wọ́n ń kọ́ mẹ́dà sí, èyí tó sún mọ́ bọ́tìnnì àárín aṣọ jù lọ ló sì ga jù. Èyí tó wà níbẹ̀ láyà ọ̀gá náà ni KPM, ọ̀já búlúù pẹ̀lú ìlà fàdákà, tí kò ní pupa kankan. Ẹ̀kejì ni mẹ́dà àjọ̀dún ọgọ́ta ọdún Ọbabìnrin lórí oyè ní 2012, ẹ̀kẹta ti àádọ́rin ọdún ní 2022, ẹ̀kẹrin ti ìgbadé Ọba Charles ní 2023. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fún gbogbo ọlọ́pàá tó bá ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà. Ẹ̀karùn-ún ni Police Long Service and Good Conduct Medal, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951. Ọdún méjìlélógún ni ènìyàn ń lò kí ó tó gbà á tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dín in kù sí ogún ọdún ní 2010. Kọ́ńsítébù tó bá wọ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1997, tó sì wà níbẹ̀ títí di 2023 láìkó ara rẹ̀ sí wàhálà, yóò ní márùn-ún láyà, nítorí tirẹ̀ yóò ní ti àádọ́ta ọdún Ọbabìnrin ní 2002 kún un, láìní KPM rárá. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́dà ẹyọ kan, ọ̀já pupa onílà búlúù márùn-ún ti George Medal, kí ojú ẹni tí kò mọ̀ sì fò ó dá.

Àwọn ẹ̀yẹ kan tún wà tí kò ti ọwọ́ Ọba wá. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá England àti Wales máa ń ṣe àpèjẹ ẹ̀yẹ ìgboyà tiwọn lọ́dọọdún ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ọlá ńlá ni láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n kò fi lẹ́tà kankan sẹ́yìn orúkọ ènìyàn. Royal Humane Society, tó ti wà láti ọdún 1774, ń fún ẹni tó bá yọ ènìyàn nínú ewu ikú, pàápàá nínú omi, ní mẹ́dà tirẹ̀, apá ọ̀tún àyà sì ni wọ́n ń wọ ọ́ sí kí ó má bàa dàpọ̀ mọ́ ti ìjọba. Ajá ọlọ́pàá pàápàá ní tiwọn: Finn, ajá tí wọ́n gún lọ́bẹ ní Stevenage ní 2016 nígbà tó ń dáàbò bo ọ̀gá rẹ̀, gba mẹ́dà wúrà ẹgbẹ́ PDSA tó ń tọ́jú ẹranko.

Nílé wa ńkọ́? Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, mẹ́dà ọlọ́pàá amúnisìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1938 ní ẹ̀yà méjì, ti ìgboyà lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ rere lọ́tọ̀. Òfin oyè orílẹ̀-èdè tí a ṣe fúnra wa ní 1964, èyí tí MFR, OON àti CFR ti wá, kò ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà tó ń tẹ̀ lé orúkọ. Ṣùgbọ́n a ní irú ẹ̀yẹ kan tí mi ò rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àkàbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, Daniel Amah, dípíò ní Kánò, kọ owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tó tó dọ́là 200,000 nínú ẹjọ́ ìdigunjalè kan, Ààrẹ Buhari sì fún un ní ẹ̀yẹ ìwà òtítọ́ nínú iṣẹ́ ìjọba. Nílùú Ọba, wọ́n ti ka èyí mọ́ "ìwà rere" inú mẹ́dà ogún ọdún wọ̀nyẹn, bí ohun tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ ní. Tiwa mọ̀ pé ó lè gba ìgboyà.

Èyí tó kẹ́yìn nínú gbogbo wọn kì í ṣe fún ọlọ́pàá láti wọ̀. Ní ọdún 2024 ni ìjọba Ìlú Ọba dá Elizabeth Emblem sílẹ̀ fún ẹbí òṣìṣẹ́ ìlú tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́, yálà ó ṣe ohun akin ní ọjọ́ náà tàbí kò ṣe, yálà ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kò pẹ́, wọ́n sì gbé e padà dé ọ̀rọ̀ àwọn tó kú láti ọdún 1948. Fàdákà kékeré ni, pẹ̀lú adé tí ewé rosemary yí ká. Ìyá, bàbá, ọkọ tàbí aya ló ń gún un mọ́ aṣọ, orúkọ ẹni tó lọ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti kan aṣọ.